Ẹnu Mi Ni Wọ́n Ti Gbọ́ Ọ̀nà Tó Ń Gbà

Ọkọ àbúrò mi ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ṣe ohun gbogbo àyàfi oúnjẹ, torí bàbá mi kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan pé nínú ilé tòun, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Olùkọ́ ìtàn ni ní ilé-ìwé gíga kan ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyà tí wọ́n sì ti jẹ ti tó gẹ́ẹ́.

Ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń wá a kò ju báyìí lọ. Àwọn ṣọ́jà kó ọmọ mẹ́sàn-án nínú kíláàsì rẹ̀ torí pé wọ́n ṣe ìwọ́de, wọn ò sì dá wọn padà. Láràárọ̀ tó bá ṣí ìwé láti pe orúkọ àwọn ọmọ, ó ń pe ti àwọn mẹ́sàn-án náà mọ́ tàwọn tó kù, á sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́ pé kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó yọ orúkọ wọn kúrò. Ó dá a lóhùn pé òun ò tíì rí ìwé tó sọ pé wọ́n kú tàbí pé wọ́n kó lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá a wá sílé, fèrèsé ẹ̀yìn ló gbà jáde. Ọ̀nà tó tọ̀ títí tó fi dé Niamey, olú-ìlú Niger, kò sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ilé wa ní àdúgbò Poudrière ló ti wá gba yàrá. Àáfà ni bàbá mi, ará Ìlọrin, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lójúde. Ó bi àlejò náà pé ta ló ń lé e. Ó ní ìjọba ni.

Bàbá mi ní, "Ọwọ́ ìjọba a máa gùn."

Ó ní, "Kò lè gùn dé ibí, Bàbá. Orílẹ̀-èdè mìíràn nìyí. Ó ní ibodè."

Ọmọ àwọn tó ń gbé aṣọ kọjá ibodè ni bàbá mi, kó tó di àáfà òun náà ti bá wọn gbé e. Ó ní, "Àwa la mọ ibodè. Ẹni tó bá ní ẹni tó mọ̀ níbẹ̀, ó kọjá." Lẹ́yìn náà ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ọdún kejì ló fẹ́ àbúrò mi. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni mo gba ìṣòwò aṣọ ìyá wa ní ọjà Maourey, òun sì kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n kó lọ sí Kirkissoye lódìkejì odò, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì, Niger fún un ní ìwé pé ó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó fi gíláàsì bo ìwé náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, síbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó sí. Mo bú u pé kí ló dé tó gbé bébà kọ́ bí ọba. Ó ní ọba kì í pẹ́ lórí oyè tó bí bébà yẹn yóò ṣe pẹ́. Bó ṣe máa ń ṣàwàdà nìyẹn.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó máa ń gbé tìmùtìmù ti fèrèsé yàrá kí ariwo òde má baà wọlé, á wá jókòó síwájú fóònù, á máa bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ ló ń kà. Wọn ò jẹ́ mẹ́sàn-án mọ́ nígbà yẹn. Tí ìyá ẹnìkan bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, á ka ọ̀rọ̀ ìyá náà. Mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, àmọ́ mo mọ ìgbà tó ń ka orúkọ, torí bó ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó mọ̀ pé wọn ò tíì gbàgbé òun. Wọ́n ti yìnbọn pa ẹnìkan tó dà bíi tirẹ̀ ní ìlú kan lókè òkun, wọ́n sì ti gbé òmíràn nínú ilé ìtura ní ìlú mìíràn. Torí náà kì í gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kì í fún ẹni tí kò mọ̀ ní nọ́ńbà. Ó bẹ gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ká má sọ ìgbà tóun ń jáde tàbí ìgbà tóun ń wọlé fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́. Mo gbà pẹ̀lú ẹnu mi yìí.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní òdìkejì odò lọ́hùn-ún, láàárín ìlú. Bí ìṣọ́ra rẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Èèyàn lè yí ọ̀nà ọjà padà, ó lè yí ọjọ́ tó ń lọ ra epo padà, àmọ́ aago ilé-ìwé kò yí, afárá Kennedy ló sì sún mọ́ Kirkissoye jù. Àbúrò mi ní kí àwọn san owó fún ọlọ́kọ̀ kan kó máa gbé ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní òun ti pàdánù àwọn ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ òun nígbà kan, èyí tóun bí, òun fúnra òun lòun ó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún yẹn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Maourey. Faransé rẹ̀ dán, Haúsá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ó ní ọkọ òun ń gbẹ́ kànga fún àwọn ará oko, pé òun nìkan lòun máa ń wà nílé. Ó dárúkọ ibi tó ti wá, kì í sì í ṣe orílẹ̀-èdè ọkọ àbúrò mi. Èmi ò sì ní ìdí kankan láti béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ oníbàárà. Gínnì ló máa ń rà, èyí tó dára, kì í sì í ná an ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó bá sì ń dúró dè é, á jókòó sórí àpótí mi, a ó jọ máa sọ̀rọ̀.

Kí n sọ òtítọ́. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ń wo aṣọ, wọn kì í wo ẹni tó ń tà á. Obìnrin yìí ń bèèrè èmi. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Yorùbá, ó sì ń wọlé láràárọ̀ pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi," ohùn rẹ̀ á wọ́ bíi ti ọmọdé. Nígbà tó lọ sí ìrìn-àjò, ó mú dábínù bọ̀ fún mi. Inú mi dùn sí i. Àwọn aláṣọ yòókù ń wò wá, ìyẹn náà sì dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ mú ọmọ òun wá láti ìlú òun, òun sì ń wá ilé-ìwé gidi. Mo ní ilé-ìwé tí ọmọ àbúrò mi ń lọ dára. Ó bèèrè ibi tó wà, mo sọ fún un. Ó ní ṣé kò jìnnà sí ilé wọn. Mo ní Kirkissoye ni wọ́n ń gbé, afárá nìkan ni wọ́n máa gùn.

"Ta ló ń gbé e lọ?" ó bi mí. Ó ń fọwọ́ wo etí aṣọ kan bó ṣe ń bèèrè.

"Bàbá rẹ̀ ni," mo ní. "Tí aago méje bá ti lé ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti jáde. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e."

Ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ní òótọ́ ni. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́yìn ọgbà ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbà já sí títì, torí ojú ọ̀nà ńlá máa ń dí. Kò bèèrè èyí. Èmi ni mo fi ṣe ẹ̀bùn.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò sọ fún mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ọ̀ràn náà lè bá, kí tèmi ṣì wà bó ṣe wà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń sọ èdè Zarma, ó ní òun ń dín àkàrà ní Kirkissoye, pé ọmọ kan wà lọ́dọ̀ òun tí wọ́n kọ nọ́ńbà yìí sínú báàgì rẹ̀. Nọ́ńbà tèmi ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí tòun wà níbikíbi. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún télọ̀, mo wọ táàsì.

Mo bá ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì kékeré, àkàrà kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ. Kò sunkún. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, Zarma àti Faransé ni wọ́n ń sọ ní ilé-ìwé, àmọ́ Yorùbá ló bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n gbé Bàbá lọ," ó ní. "Wọ́n ní kí n má sunkún."

Ìyá alákàrà ló sọ ìyókù. Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan dábùú ọ̀nà síwájú wọn, òmíràn dúró sẹ́yìn wọn. Ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan wọ kákí. Wọ́n bèèrè ìwé ọkọ̀ ní Faransé. Kó tó nawọ́ mú un, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó jà, ó gbá ọ̀kan nímú tí ẹ̀jẹ̀ fi dà. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde ni kò jà mọ́. Ó fúnra rẹ̀ rìn wọ inú ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbé báàgì kọ́ ọmọ náà léjìká, ó dì í lọ́wọ́ mú kọjá ọ̀nà wá sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, ó ní kó bá òun dì í mú, ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Ó ra àkàrà fún un kó tó lọ.

Ọmọ náà tún sọ ohun kan fún mi nínú táàsì. Ó ní wọ́n pe bàbá òun ní orúkọ tí ìyá bàbá òun máa ń pè é lórí fóònù. Orúkọ ilé ni, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí àwọn ọkùnrin náà ti wá.

Àbúrò mi ò pariwo. Ó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó gun àga, ó sì já ìwé ọmọ onílẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Àwa méjèèjì la gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó gbà wá kì í ṣe ọ̀dájú èèyàn, ó fún wa ní àga, ó fún wa ní omi. Ó yẹ ìwé náà wò, ó fọwọ́ wo ibi òǹtẹ̀, ó ní òǹtẹ̀ náà tọ́. Lẹ́yìn náà ó bi àbúrò mi bóyá ọkọ rẹ̀ ní ìyàwó mìíràn níbòmíràn. Ó bi í bóyá ó jẹ gbèsè. Àbúrò mi ní wọ́n mú un lójú ọmọ ní òwúrọ̀ kùtù, kó jọ̀ọ́, kó dí afárá, kó pe pápá ọkọ̀ òfuurufú, kó pe gbogbo ibodè. Ó ní òun gbọ́, òun ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí ohun tó kọ, torí mo jókòó tì í: pé ọkọ kan kúrò nílé, kò tíì dé.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. A padà lọ lọ́jọ́ kejì. A padà lọ lọ́jọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹta yẹn, nígbà tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ bi mí pé oníbàárà mi dà, torí aṣọ rẹ̀ mẹ́ta ti parí, ó wà lórí ìkọ́, kò wá, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ó bèèrè lásán ni, bí èèyàn ṣe ń bèèrè. Mo gbá àpótí mi mú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá obìnrin náà sọ padà wá bá mi, aago méje, ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀fọ́. Mo wọ táàsì lọ sí àdúgbò tó ní òun ń gbé. Ilé tó júwe wà lóòótọ́, onílé rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ó yẹ kí n lọ tààrà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ bó ṣe ga, mo ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, télọ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ pátápátá. Ilé ni mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò dá mi lójú. Mo sọ pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi náà wà nínú rẹ̀, wọ́n á ti mí mọ́lé, ta ni yóò wá dúró ti àbúrò mi? Irọ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. Ojú ló ń tì mí. N kò fẹ́ kí àbúrò mi wò mí bó ṣe yẹ kó wò mí.

Lọ́jọ́ kọkànlá, tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè ọkọ àbúrò mi gbé e jáde. Ẹnìkan fi í ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ti fá irun rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀, a sì ní láti bẹ ẹnìkan kó túmọ̀ rẹ̀ fún wa: pé òun fẹsẹ̀ ara òun rìn padà sílé, pé àwọn ọ̀tá ló tan òun jẹ nílẹ̀ òkèèrè, pé òun tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ààrẹ. Ọmọ náà wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ń nawọ́ sí fóònù pé Bàbá nìyẹn. Àbúrò mi kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ló ń wò. Ó mú omi tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣí bébà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì kò jáde lábẹ́ tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ọlọ́pàá pè wá. Ó ní a dúpẹ́, wọ́n ti rí i, ó wà láàyè, ó rin ìrìn-àjò ni. Àbúrò mi yọ pásípọ́ọ̀tù ọkọ rẹ̀ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì.

Ó ní, "Kí ló fi rìn ín?"

Ọ̀gá náà wo pásípọ́ọ̀tù, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Madame, àwọn tó ju èmi lọ ló ń bá àwọn tó ju èmi lọ sọ̀rọ̀." Mo rò pé ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ tó sọ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ogójì ọjọ́ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà sínú. Mò ń lọ sí Kirkissoye lójoojúmọ́, mò ń sebẹ̀, mò ń di irun ọmọ náà, àbúrò mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ náà sì ń gún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó ní òun ò tíì lóye bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀fọ́, torí kò tíì ju oṣù kan lọ tí ọkọ òun ti ń gbà á kí wọ́n tó gbé e. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan dábínù.

Kò gbójú sókè. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

"Ọjọ́ wo lẹ mọ̀, Àǹtí mi?"

"Ọjọ́ kẹta."

"Tí ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta ńkọ́?"

Mo ní yóò ti pẹ́ jù nígbà náà, wọ́n á ti gbé e kọjá ibodè. Mo ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Ó gbé ẹ̀wà ka iná, a jẹ ẹ́ nígbà tó jinná, ó sì bù fún mi bó ṣe máa ń bù fún mi.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi nìkan. Mo sọ̀rọ̀ obìnrin náà, mo fún wọn ní nọ́ńbà, mo mú àwọn aṣọ mẹ́ta náà dání. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú, wọ́n ní àwọn ó pè mí. Wọn ò fẹ́ gba aṣọ náà. Wọn ò tíì pè mí dòní.

Oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n níbẹ̀ rí nọ́ńbà àbúrò mi, ó pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ wà nínú yàrá kan fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọkọ rẹ̀ ní kó bóun kí i, kó sì bóun kí ọmọ. Ó ní ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́. Ó sì sọ bí wọ́n ṣe gbé e. Wọn ò gbé e jáde ní Niamey lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tì í mọ́ ilé kan nínú ìlú, wọ́n di ojú rẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ ìpè ìrun, ó ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ létí odò, ó sì ń ka àwọn ọjọ́ náà. Ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń retí ni kò tètè wá.

Àbúrò mi pè mí lẹ́yìn tí ọkùnrin náà parí ọ̀rọ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún, Àǹtí. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà nínú ìlú yìí." Ó pa fóònù.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ohùn àbúrò mi ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ jù láyé. Mo jókòó pẹ̀lú fóònù náà lọ́wọ́, aṣọ lọ́tùn-ún, aṣọ lósì, mo ń rò ó pé lọ́jọ́ kẹta tí mo wọ táàsì yẹn, tí mo ń lọ wo ilé obìnrin náà, bóyá mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé tó wà kọjá. Bóyá n kò gbà á. N kò lè mọ̀ láé. Bóyá ọlọ́pàá náà kò ní ṣe ohunkóhun tí mo bá sọ ọ́, àwọn tó jù ú lọ á sì bá àwọn tó jù ú lọ sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ èyí fún ara mi. Nígbà mìíràn mo máa ń gbà á gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ṣe ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Orílẹ̀-èdè tó fún un ní ìwé kò rán ẹnikẹ́ni lọ jókòó ní kóòtù. Aṣojú ìjọba tó gbé e lọ ṣì wà ní Niamey, àsíá wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ń ṣe ọjọ́ òmìnira wọn, àwọn èèyàn ńlá ìlú yìí ń wọ aṣọ tó dára lọ bá wọn jẹun.

Àbúrò mi ta ẹrù ilé, ó kúrò ní Niger pẹ̀lú ọmọ náà. Ìlú tó wà, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe Ìlọrin, kí ẹnikẹ́ni má fi bàbá wa wá a. Ó máa ń pè mí nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, a ó kí ara wa bí ó ṣe yẹ kí ọmọ ìyá kí ara wọn, á bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, á sì ní òun fẹ́ lọ gbé nǹkan ka iná. Kò bú mi rí. Ì bá bú mi.

Ní Iléyá tó kọjá, ó gbé fóònù fún ọmọ náà. Yorùbá rẹ̀ ti dára sí i gan-an, ó ń yára sọ ọ́, kò wá ọ̀rọ̀ mọ́. A sọ̀rọ̀ àgbò, a sọ̀rọ̀ irun rẹ̀. Mo bi í pé ilé-ìwé wo ló ń lọ báyìí, bí gbogbo ìyá àgbà ṣe ń bi ọmọ.

"Màmá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní.

Mo ní, "Èmi náà ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò fẹ́ rí àgbà fín. "Ó ní ẹ̀yin gan-an ni."

Mo ní kò burú, pé ìyá rẹ̀ gbọ́n. Mo ṣàdúrà fún un, ó ṣe àmín, ó fi fóònù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ṣì ń ta aṣọ ní Maourey. Ọjà náà kò dà bíi tàtijọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń ta aṣọ, èmi kì í sì í sọ̀rọ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àpótí tó bi mí pé ọmọ ńkọ́, mo máa ń ní wọ́n wà, mo sì ń ká aṣọ. Àwọn kan ní opó ṣíṣe ló sọ mí di bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tó jáde nínú ẹ̀wọ̀n níbẹ̀ lọ́dún yìí ní ọkọ àbúrò mi ṣì wà láàyè, pé ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò mọ̀wé. Ọdún mọ́kànlá ló kù fún un.